Ẹ Bi Wá: Níbo Ni Àwòrán Ẹ́ńjìnì Bàálù Àtijọ́ Wà, Báwo La Ṣe Ń Gbé E Sínú CAD?

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, ẹ́ńjìnì bàálù ayé àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ yà á sínú CAD, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ, àmọ́ ọwọ́ wọn ò tẹ àwòrán tó ní ìwọ̀n. Mẹ́fà la mú. Bí ẹ bá kọ̀wé tí ẹ ò rí tiyín, ẹ wo èsì ẹlòmíì, ìbéèrè yín wà níbẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wá “blueprint” ẹ́ńjìnì Gipsy Major fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Fótò ni mò ń rí, àti àwọn tó fẹ́ gba dọ́là. Ibo ni kí n wá a lọ? (Akẹ́kọ̀ọ́, Màlété)

Ọ̀rọ̀ “blueprint” yẹn ló ń ṣì yín lọ́nà. Àwòrán tí ilé iṣẹ́ fi ń gé irin, ojú ìwé kan fún ẹ̀yà kan ni, ó sì lè pé ẹgbẹ̀rún fún ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo. Wọn kì í sábà jẹ́ kó jáde. Ohun tó jáde ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mẹkáníìkì tó máa tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀ tó sì máa tò ó padà. Òun ni kí ẹ máa wá.

Ìwé mẹ́ta ló wà, ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ra. Ìwé awakọ̀ ò lè ṣe yín lóore: bí wọ́n ṣe ń táná sí i àti iye epo tó ń mu ló kún ibẹ̀. Parts catalogue ń fi ẹ̀yà hàn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, ó ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti iye tó wà nínú ẹ́ńjìnì kan, ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n. Ọ̀gá wọn ni overhaul manual. Ẹ ṣí i lọ sẹ́yìn, ẹ máa rí tábìlì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “fits and clearances”, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní “table of limits”. Gbogbo ibi tí irin kan ti ń yí nínú irin mìíràn ló wà nínú rẹ̀: ìbú ṣáàfù, ìbú ihò tó wọ̀, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn nígbà tó ṣì wà lótùn-ún, àti ibi tó bá dé tí wọ́n máa ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tábìlì kan báyìí sàn ju ogún fótò lọ. Nítorí náà, orúkọ ẹ́ńjìnì pẹ̀lú “overhaul manual” tàbí “fits and clearances” ni kí ẹ tẹ̀ síbi ìwákiri.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti archive.org àti HathiTrust, àkójọ ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ìwé ológun wọn fún ẹ́ńjìnì onípísítìn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 02; ẹ fi wá a. NASA ní àkójọ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NTRS, ìwádìí àjọ NACA, èyí tó ṣáájú NASA, láti 1915 sí 1958 wà níbẹ̀. Ìdánwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ àwòrán orí sílíńdà àti ìyẹ́ atutù tó ní ìwọ̀n máa ń fara hàn níbi téèyàn ò retí. AirCorps Library, tó kó ìwé bàálù àtijọ́ jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gba owó àsansílẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ti National Air and Space Museum ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe ẹ̀dà fún ẹni tó bá béèrè, ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yà inú parts catalogue sínú lẹ́tà yín. Ẹni tó bá kọ “ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́” ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò.

Ohun méjì kan wà tí wọn kì í sọ féèyàn. Èkíní, ìwé tí Google ṣe síkáànù rẹ̀, tó pọ̀ gan-an lórí HathiTrust, wọn kì í ṣí ojú ìwé tí wọ́n ká pọ̀ sínú. Ojú ìwé tí wọ́n ká pọ̀ yẹn gan-an sì ni àwòrán ńlá náà wà! Bí ẹ bá rí etí bébà funfun lásán níbi tó yẹ kí àwòrán wà, ẹ wá ẹ̀dà ìwé kan náà tí ilé ìkàwé mìíràn fúnra rẹ̀ síkáànù sórí archive.org. Èkejì, PDF tó wà lórí archive.org ti fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, ìlà tín-ín-rín sì ti di èéfín. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n to gbogbo fáìlì sí, ẹ mú JP2 (fáìlì àwòrán tó mọ́ ju ti PDF lọ) ti ojú ìwé tí ẹ fẹ́ nìkan. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀, dátà yín á tán kó tó dé ìdajì.

Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnì dà bí ọmọ tí bàbá sọ ní orúkọ kan, tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń pè ní òmíràn. Packard ní Amẹ́ríkà ṣe Merlin ti Rolls-Royce, V-1650 ló sì ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Le Rhône 9C ti Faransé ń jẹ́ Thulin A ní Sweden. 9J ń jẹ́ Oberursel Ur.II ní Jámánì. Union Switch and Signal náà ṣe Le Rhône ní Amẹ́ríkà, èyí ló jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwé ò bá sí lábẹ́ orúkọ kan, ẹ fi ìkejì pè é.

Ní ti Gipsy Major tiyín, ẹ lẹ ìwọ̀n yìí mọ́ ògiri kí ẹ tó fa ìlà kankan: sílíńdà mẹ́rin tó dorí kodò, ìbú inú 118 mm, ìrìn písítìn 140 mm, àpapọ̀ 6.124 lítà. Àwòrán tó bá ta kò ó, ẹ́ńjìnì mìíràn ni.

Mo rí àwòrán Le Rhône tí wọ́n là láàárín, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ̀yà ò bá ara mu. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí n mú Gnome? (Oníṣẹ́ wẹ́dà, Ọ̀fà)

Bébà tí ẹ tẹ̀ jáde ló kọ́kọ́ dalẹ̀ yín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, “fit to page” ló máa ń wà lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń sún àwòrán kì kó lè wọ A4, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ fi rúlà sílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti wọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ Le Rhône tó jẹ́. 9C, tó ní agbára ẹṣin 80, ìbú inú rẹ̀ jẹ́ 105 mm, ìrìn písítìn 140. 9J, tó ní 110, jẹ́ 112 àti 170. Àwòrán méjèèjì jọra bí ìbejì, ẹni tó bá sì fi ìwọ̀n ọ̀kan ya èkejì ò ní mọ̀ títí kọ́n-rọ́ọ̀dù fi máa gún sílíńdà lára.

Ká ní 9C ni. Ẹ ṣí àwòrán náà, ẹ ka píksẹ́ẹ̀lì ìbú inú sílíńdà. Bó bá jẹ́ 420, ẹ pín in sí 105: píksẹ́ẹ̀lì mẹ́rin fún mílímítà kan. Ẹ wá wo òòró. Ìrìn 140 túmọ̀ sí pé láti àárín ṣáàfù dé àárín pìnnì kráńkì jẹ́ 70 mm, ó sì yẹ kó gba píksẹ́ẹ̀lì 280. Bí ẹ bá ka 274, bébà ti súnkì lóòró níbi tí róólà ẹ̀rọ síkáànù ti fà á, tàbí ọ̀rinrin ti mú un láti ìgbà pípẹ́. Ẹ na òòró nìkan, ìlọ́po 1.022, kí ẹ tó fa ìlà kan. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo tún ìbú àti òòró ṣe pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ máa yàtọ̀ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tó máa ti gbà á lójú ni jíà.

Nínú ètò CAD tó ń jẹ́ FreeCAD, ẹ gbé àwòrán wọlé bí fáìlì lásán, ẹ wá fún un ní ìwọ̀n tó mọ̀. Nínú Fusion, Canvas ni wọ́n ń pè é, Calibrate sì wà lára rẹ̀. SolidWorks ń pè é ní Sketch Picture.

Píksẹ́ẹ̀lì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlà tó nípọn píksẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ti jẹ́ 0.75 mm fúnra rẹ̀. Ó tó fún ìrísí ilé kráńkì. Kò tó fún ibi tí bíárìn wọ̀. Ibi wọ̀nyẹn, tábìlì inú overhaul manual ni kó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ láti mọ̀ bóyá àwòrán ń purọ́: ẹ wọn iṣẹ́ yín lórí ìwọ̀n. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ́ńjìnì Jámánì lójú ogun, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tẹ ìròyìn jáde lábẹ́ Ministry of Munitions: Mercedes, Benz, Maybach. Ìwọ̀n ẹ̀yà àti bí ó ṣe wúwo tó ló wà nínú tábìlì wọn. Bí ẹ bá ya písítìn tán nínú CAD, ẹ sọ fún un pé irin ni, 7.85 giráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, tàbí alumíníọ̀mù, 2.7. Bí ti yín bá wúwo ju ti ìwé lọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ògiri písítìn yín ti nípọn jù, bó ti wù kó dára lójú tó.

Ẹ má yọ Le Rhône sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwà rẹ̀. Kráńkì rẹ̀ kì í yí; ilé kráńkì, sílíńdà mẹ́sàn-án àti abẹ̀bẹ̀ iwájú ló ń yí yí i ká. (Òróró lárà ni wọ́n fi ń tọ́jú inú rẹ̀, lárà kan náà tó ń hù lẹ́yìnkùlé yín.) Bí ẹ bá rí ọ̀pá kan ṣoṣo fún fáàfù méjì ní orí sílíńdà, àwòrán ò pé kọ́: ọ̀pá yẹn ń tì, ó ń fà, fáàfù kan ní títì, ìkejì ní fífà. Àwọn kọ́n-rọ́ọ̀dù rẹ̀ ò sì so mọ́ ọ̀kan tó jẹ́ ìyá. Bàtà ni ìdí wọn ní, bàtà náà ń yọ̀ nínú ihò yíyípo mẹ́ta tó wà nínú ara wọn bí òrùka. Kọ́n-rọ́ọ̀dù oríṣi mẹ́ta lẹ máa yà, mẹ́ta-mẹ́ta.

Gnome Omega ti sílíńdà 7, ìbú inú 110, ìrìn 120, dà bíi pé ó rọrùn. Àwọn èèyàn máa ń wá fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní orí sílíńdà rẹ̀ títí. Orí písítìn ló wà. Ìgun sílíńdà rẹ̀ náà ní ẹ̀tàn. Ẹ má tẹ 51.4. Ẹ tẹ 360/7 kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìgbà 7 tí ẹ bá fi 51.4 sí i, 359.8 ni, ìdá tó kù máa já lé sílíńdà ìkẹyìn lórí, ní 400 mm sí àárín ó ju mílímítà kan lọ, bóòtù ò sì ní bá ihò rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, technical drawing ni mo ń kọ́ wọn. Ilé kráńkì tí akẹ́kọ̀ọ́ mi yà láti inú ìwé Amẹ́ríkà jáde bí ẹni wo dígí: òsì ti di ọ̀tún. Ìwọ̀n rẹ̀ pé pérépéré. (Olùkọ́, Òmù-Àrán)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, olùkọ́. First angle ló fi ka àwòrán third angle. Amẹ́ríkà ń gbé ojú ọ̀tún sí ọ̀tún, third angle nìyẹn. Jámánì àti Faransé ń gbé ojú ọ̀tún sí òsì, first angle nìyẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lo méjèèjì. Ìwé àtijọ́ kì í sì ní àmì kóònù tí àwọn ọmọ yín fi ń mọ èyí tí wọ́n lò.

Ẹ kọ́ wọn ní ìdánwò yìí. Kí wọ́n wá ohun kan tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú iwájú, bí ìjókòó magneto, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ìtanná. Kí wọ́n wá wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ohun náà bá fara hàn níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà tó lọ gbọnrangandan, third angle ni. Bó bá jẹ́ ìlà já-já-já, ó wà lẹ́yìn, first angle ni. Kí wọ́n tún fi fótò jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ka lẹ́tà tó wà lára irin inú fótò náà, nítorí fótò gan-an lè dojú kọ ẹ̀yìn.

Ohun mìíràn tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n bára mu: àwòrán irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà àti àwòrán èyí tí wọ́n ti gé tán yàtọ̀ síra. Ti àkọ́kọ́ ní ẹran lára níbi tí wọ́n ṣì máa gé. Bí ihò bíárìn bá kéré ju ti tábìlì lọ, ẹ wo orúkọ àwòrán dáadáa. Bí àwọn ọmọ bá sì fẹ́ gbé e lọ fún adàlúmíníọ̀mù kó dà á lóòótọ́, kí wọ́n fi nǹkan bí 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún kún gbogbo ìwọ̀n pátánì, ìyẹn àwòṣe tí wọ́n fi ń dà á. Alumíníọ̀mù ń súnkì bó ṣe ń tutù, bí amọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ṣe ń súnkì bó ṣe ń gbẹ.

Tírẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ti Gẹ̀ẹ́sì, Whitworth àti BSF jẹ́ ìgun 55, BA jẹ́ 47.5, ti Amẹ́ríkà 60. CAD máa fún yín ní ti mílímítà bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà mi 8 GB ń dákú bí mo bá dé ìyẹ́ atutù ẹ́ńjìnì R-1340 ti Pratt & Whitney. (Ajàṣẹ́-Ìpo)

Sílíńdà kan ni kí ẹ yà. Ẹ ya ara rẹ̀ láìní ìyẹ́, ẹ ya ìyẹ́ kan, ẹ fi pattern, irinṣẹ́ CAD tó ń tún ohun kan yà léraléra, tún un ṣe, ẹ wá pa pattern náà títí ọjọ́ tí ẹ máa ya fótò ìkẹyìn. Nínú àkójọpọ̀, ẹ pe fáìlì kan náà nígbà mẹ́sàn-án. Ẹ má ṣe ẹ̀dà mẹ́sàn-án. Ẹ yọ ẹsẹ̀ róbótó (fillet) kúrò ní etí ìyẹ́, òun ló ń jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà ju ìyẹ́ lọ. FreeCAD láti 1.0 ní ibi àkójọpọ̀ tirẹ̀, ó sì fúyẹ́. Ẹ máa fi pamọ́ léraléra, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ ti dé R-1340, ìbú inú àti ìrìn rẹ̀ dọ́gba, 5.75 íǹṣì, sílíńdà 9, 40 dígírì sí ara wọn. Ẹ má so kọ́n-rọ́ọ̀dù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ àárín pìnnì kráńkì o! Ọ̀kan ni ìyá, mẹ́jọ so mọ́ ọn lára, ìrìn písítìn wọn sì fi díẹ̀ yàtọ̀ síra. Ètò ìtanná ni 1-3-5-7-9-2-4-6-8, ọ̀kan ní gbogbo 80 dígírì. Bí òrùka káàmù bá ní orí mẹ́rin, ó ń yí lódì sí kráńkì, ìdá kan nínú mẹ́jọ eré rẹ̀. Bí ẹ bá mú kó yí sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kráńkì, fáàfù máa ṣí nígbà tí iná ń jó.

Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ ní 3D kí n tà á? Ṣé wọn ò ní mú mi? (Tanke, Ìlọrin)

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti mú àwòrán. Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fúnra rẹ̀, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde níbẹ̀ ṣáájú 1930, ti di ti gbogbo èèyàn ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde nígbà ogun 1939 sí 1945, ẹ̀tọ́ àádọ́ta ọdún rẹ̀ ti parí. Àmọ́ pláànù tí ẹni tó ṣì wà láyé yà fún àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì kékeré, tirẹ̀ ni; ẹ rà á, ẹ má sì pín in. Ó tún máa ń jẹ́ pé onípláànù ti dín ẹ̀yà kù kó lè rọrùn láti gé, nítorí náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹ́ńjìnì gidi. Ẹ má fi orúkọ àti àmì ilé iṣẹ́ tó ṣì ń ṣòwò sára ọjà yín. Bí ẹ bá ń lo Onshape ọ̀fẹ́, CAD orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń rí fáìlì yín.

Ẹnì kan fẹ́ ta “original blueprint” ẹ́ńjìnì àwọn ọmọ Wright ti 1903 fún mi. Ṣé kí n rà á? (Ìgbàjà)

Ẹ má rà á. Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, ló ṣe ẹ́ńjìnì yẹn ní Dayton, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orí ègé bébà ni wọ́n ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí, ó ń kan bébà náà mọ́ òkè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìwé àwòrán tó pé nígbà náà. Gbogbo èyí tó dára tó wà lónìí, ẹ́ńjìnì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó yà á. Smithsonian tẹ ìwé kan jáde ní 1971 lórí àwọn ẹ́ńjìnì Wright, Leonard S. Hobbs ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ló wà lórí Project Gutenberg pẹ̀lú àwòrán.

Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn láti rántí: sílíńdà mẹ́rin tó sùn gbalaja, omi ló ń tù ú, ìbú inú 4 íǹṣì, ìrìn 4 íǹṣì. Ẹ fi ṣe ìṣirò, 201 íǹṣì kúbíìkì ló máa fún yín. Bí ti CAD yín ò bá fún yín ní 201, ẹ padà sí sketch àkọ́kọ́.